Ìtàn tí mo ń kọ lédè Ṣáínà kì í so pọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Wandó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti ń kọ́ èdè Ṣáínà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ jókòó ṣe HSK, ìdánwò ìmọ̀ èdè Ṣáínà, ìpele karùn-ún. Ìwé kíkà kò ni mí lára, etí mi náà ti ń là sí i. Ìtàn kíkọ ló ń dà mí láàmú. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí mo bá kọ, lójú tèmi, ó dáa tó ẹ bá mú un lọ́tọ̀. Ẹ kó wọn jọ báyìí, kò jẹ́ ìtàn mọ́. Olùkọ́ mi kọ 流水账 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi, ìyẹn ni pé ńṣe ni mo kàn ń to ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn bí ẹní ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde. Ẹ wo èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn:

昨天我去了市场。我看见了一个老奶奶。他卖了西红柿。然后我问了老奶奶多少钱。然后老奶奶说了五百。然后我看了口袋,我没有了钱。然后我回了家,我拿了钱。然后我回来了市场。老奶奶走了。

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mo lọ sọ́jà lánàá, mo rí ìyá àgbà kan tó ń ta tòmátì, mo béèrè iye rẹ̀, ó ní ẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta, mo wá rí i pé kò sówó lápò mi, mo sáré lọ sílé lọ mú un, kí n tó padà dé, ìyá ti lọ. Tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ń dùn. Kí ló dé tí kò fi dùn ní Ṣáínà?

Ògbufọ̀ Ṣábẹ

Àbúrò, 然后 ("lẹ́yìn náà") márùn-ún, 了 (àmì pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀) mọ́kànlá, nínú ìtàn tí kò ju ìlà mẹ́ta lọ! Yọ gbogbo 然后 náà dànù. Yọ gbogbo 了 náà. Tún un kà, wàá rí i pé ó ti fúyẹ́.

Táyé Àjàrá

Ẹ̀gbọ́n Ògbufọ̀, mo bá yín lọ lórí 然后, ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ lórí 了. Tí ó bá yọ gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ohun tó ti parí yàtọ̀ sí ohun tó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí oríṣiríṣi ni àṣìṣe ibẹ̀.

他卖了西红柿: èyí ń sọ pé ìyá ti ta tòmátì tán. Nígbà tí o rí i, ó ṣì ń tà á ni. 在卖 ló yẹ. 了 tó wà níbẹ̀ yí ìtàn padà pátápátá, torí bí ó bá ti tà á tán, kí lo tún ń náwó sí?

老奶奶说了五百: tí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ bá tẹ̀ lé 说 tàbí 问, a kì í sábà fi 了 sí i. 她说五百 ti tó.

我没有了钱: kò lọ báyẹn. Owó kò sí lọ́wọ́ ẹ torí pé o kò mú un jáde nílé, 没带钱 ni. Tí 没 bá ti ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe láti sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀, 了 kì í tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà mọ́.

回来了市场: ibi tí èèyàn padà sí kì í jókòó sẹ́yìn 回来. O lè kọ 回到市场, o sì lè kọ 回市场来.

Àwọn tó kù, ìlànà kan ló ń darí wọn. Tí iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin bá tẹ̀ léra, tí ẹnì kan náà ló ṣe gbogbo rẹ̀, wọn kì í fi 了 sí gbogbo wọn. Èyí tó kẹ́yìn ló sábà máa ń gbà á, tàbí èyí tí ìtàn ń lọ síbi rẹ̀. Tí iye bá wà níbẹ̀, ó tún máa ń fẹ́ ẹ: 买了三个.

Nígbà tí mo wà ní Wuhan, ọ̀nà tí olùkọ́ wa fi ń tún ìwé wa ṣe ni pé ó máa kọ ọ́ sábẹ́ tiwa, á ní ká fojú ara wa wá ohun tó yàtọ̀. Jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ:

昨天上午,我去市场买西红柿。路边坐着一位老奶奶,面前摆着几堆西红柿,又红又大。我问她多少钱一堆,她说五百。我一摸口袋,才发现忘了带钱,只好跑回家去拿。等我赶回来的时候,老奶奶已经走了。

Kò sí 然后 kankan níbẹ̀. 了 mélòó ló kù? Méjì péré, ọ̀kan lára 忘了, ọ̀kan ní ìparí. Wo gbólóhùn kejì dáadáa. Mi ò kọ pé "mo rí ìyá àgbà kan". Mo fi ibi tó wà ṣáájú, 路边 (ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà), lẹ́yìn náà bó ṣe wà níbẹ̀, 坐着 (ó jókòó), kí n tó dárúkọ ẹni náà. Bí èdè Ṣáínà ṣe ń mú ẹni tuntun wọ inú ìtàn nìyẹn: ẹni tí òǹkàwé kò tíì mọ̀ máa ń wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. 来了一个客人, àlejò kan dé, a ò mọ̀ ọ́n. 客人来了, àlejò tí à ń retí ti dé. Ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn ló sọ ọ́.

Lẹ́yìn tó o ti mú un wọlé, 面前摆着 (iwájú ni wọ́n tò ó sí) kò ní 老奶奶 níwájú mọ́, nítorí a ti mọ iwájú ẹni tí tòmátì wà. Tó o bá tún dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó máa dà bíi pé ìyá mìíràn ló dé.

Ará Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, Táyé. Mo fẹ́ sọ ibi tí ìṣòro náà ti ń wá, torí mo ti ń rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ní Kétu níbí lọ́pọ̀ ìgbà.

Kì í ṣe Yorùbá la fi kọ́ àròkọ níléèwé, Faransé ni. Ní Faransé, gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ wọ aṣọ àsìkò kó tó jáde. Ọmọ tó bá ti fi ìyẹn kọ́ àròkọ láti kékeré, tó bá dé inú Ṣáínà, á máa wá aṣọ yẹn kiri, 了 ló sì máa rí mú. Ó kàn ń lò ó bíi passé composé, aṣọ tí Faransé ń wọ̀ fún ohun tó ti kọjá. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Yorùbá ẹnu wa. "Mo lọ sọ́jà, mo rí ìyá àgbà kan, mo béèrè iye tòmátì." Níbo ni àmì àná wà nínú rẹ̀? Kò sí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Èdè Ṣáínà náà bẹ́ẹ̀ ni: dárúkọ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, 昨天, ó parí, máa bá ìtàn ẹ lọ. Torí náà ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o fi Yorùbá ro ìtàn náà kí o tó kọ ọ́, má fi Faransé rò ó.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló jọra tí a kì í fiyè sí. Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wa, "mo sáré lọ sílé lọ mú owó", 我跑回家去拿钱. Kò sí ọ̀rọ̀-àsopọ̀ kankan láàárín wọn nínú èdè méjèèjì, bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra láyé ni ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ léra. Ọmọ tó bá ń ti inú Faransé bọ̀ ló máa fẹ́ ki nǹkan sí àárín wọn. "Wá" àti "lọ" tí à ń fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, "gbé e wá", "gbé e lọ", 拿来, 拿去. "Ó gbé àpótí náà sórí tábìlì", 他把箱子放在桌子上: ohun tí a mú ló ṣíwájú, ibi tí a gbé e sí ló tẹ̀ lé e.

Èyí tó wù mí jù ni ti 就 àti 才, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá fún. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ "aago méje ló ti dé" sí "aago méje ló tó dé" ti mọ̀ wọ́n. 他七点就来了, ó yá ju bí a ṣe rò lọ. 他七点才来, ó pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí tó ní 才 kò gba 了 ní ìparí. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì yìí ń ṣe iṣẹ́ tí 然后 ogún kò lè ṣe, nítorí wọ́n ń sọ fún òǹkàwé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára ẹni tó ń sọ ọ́. Kódà 一摸口袋,才发现 tí Táyé kọ, ohun tí àwa máa sọ ni "bí mo ṣe ki ọwọ́ bàpò báyìí ni mo tó rí i pé…".

Ọ̀kan ṣì kù. 和 kì í so gbólóhùn pọ̀. "Àti" ni, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń so: 我和妈妈, èmi àti ìyá mi. Kò sẹ́ni tó ń sọ ní Yorùbá pé "mo lọ sọ́jà àti mo ra ẹja". Ṣùgbọ́n nítorí "et" tó ń so gbogbo nǹkan pọ̀ ní Faransé, àwọn ọmọ wa ń kọ 我去市场和我买鱼. Etí Yorùbá wọn ì bá ti kìlọ̀ fún wọn.

Abọ́sẹ̀dé

Ẹ̀gbọ́n Ará Kétu, ẹ ṣé gan-an, mo kọ́ nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi àbúrò yìí lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Fífi Yorùbá ro ìtàn ní ewu tirẹ̀. Mo ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Àjàṣẹ́ níbí, mo sì máa ń rí àmì Yorùbá nínú ìwé wọn kedere.

Àkọ́kọ́, "ó" wa. "Ó dìde, ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó jáde." Láìsí "ó" yẹn, gbólóhùn wa kò dúró. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ 他起床,他洗澡,他穿衣服,他出门. Ará Ṣáínà á dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́: 他起床洗了澡,穿好衣服,出门了. Ohun tó ń so ìtàn wọn pọ̀ jù ni dídákẹ́ yìí. Níbi tí kò bá ti sí olùwà, òǹkàwé mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ náà là ń bá lọ.

Ẹ kíyè sí i o, kì í ṣe pé ká máa yọ ọ́ níbi gbogbo. Tí ìtàn bá ti kúrò lára ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíràn, dárúkọ onítọ̀hún. 我问老奶奶多少钱,说五百: ta ló sọ ẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta? Ẹ̀rí pé ó ṣòro ni pé ọmọ tó bá ti gbọ́ pé "yọ olùwà" á yọ ọ́ títí a ò fi ní mọ ẹni tó ń ṣe kí. Kí ló yẹ kó ṣe? Kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹni tí à ń tẹ̀ lé ti yí padà. Ibẹ̀ nìkan ni orúkọ tàbí 她 ti pọn dandan.

Ìkejì, "ó" kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Àbúrò wa kọ 他 fún ìyá àgbà. 他, 她 àti 它, ohùn kan náà ni, tā, ìdí nìyẹn tí kò fi dun etí ẹnikẹ́ni. Tó o bá sì tẹ ta lórí fóònù, 他 ló sábà máa ń yọ sókè ṣáájú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ojú ló ń kà á: òǹkàwé á máa wá ọkùnrin tó ń ta tòmátì.

Ìkẹta, àkókò àti ibi. Àwa lè sọ pé "mo jẹun lọ́jà lánàá". Ní Ṣáínà, àná ṣíwájú, ọjà tẹ̀ lé e, oúnjẹ ló kẹ́yìn: 我昨天在市场吃饭. Nínú ìtàn, fífi àkókò síwájú kì í ṣe òfin gírámà lásán. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn ìpínrọ̀: 第二天一早 (láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì), 不久 (láìpẹ́), 这时候 (ní àkókò yìí), 过了一会儿 (nígbà tó ṣe díẹ̀). Ẹni tó bá ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní nílò 然后.

Ìkẹrin ni "tí" wa. "Ìyá àgbà tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn tó ti Brazil dé fi àpẹẹrẹ wọn kọ́." Ó lè gùn bó ṣe wù ú, torí ẹ̀yìn orúkọ ló wà. Ní Ṣáínà, gbogbo ẹrù yẹn gbọ́dọ̀ ṣíwájú orúkọ pẹ̀lú 的, òǹkàwé á máa gbé e dání láì mọ ẹni tí à ń sọ. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀.

Ìyá Àdùní (oníṣòwò aṣọ)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi kò ṣe HSK kankan, ọjà ló kọ́ mi. Àwọn tó ń kó aṣọ ránṣẹ́ sí mi láti Guangzhou, WeChat la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún ti Abọ́sẹ̀dé. "Wọ́n." Àwa a máa sọ pé "wọ́n ti já àpótí mi", "wọ́n jí mi lówó", bẹ́ẹ̀ a ò mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi kọ̀wé kọ 他们打开了箱子 sí wọn. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún dáhùn lọ́gán: 他们是谁? Àwọn wo? Ó rò pé a mọ àwọn tó ṣe é, pé à ń fẹ̀sùn kan ẹnìkan. 箱子被打开了 ló yẹ, àpótí ló wà níwájú, ẹni tó ṣe é kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpótí là ń sọ látòkèdélẹ̀, ẹ jẹ́ kí àpótí náà máa ṣíwájú lọ: àpótí dé lọ́jọ́ báyìí, wọ́n ti ṣí i, aṣọ mẹ́ta kò sí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lé 然后 jáde, ẹ fi sùúrù ṣe é. Àwọn ọmọ Ṣáínà tí mo ń bá ṣòwò, tí wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́, 然后, 然后, 然后 ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣé àwọn náà kò gbọ́ èdè wọn ni?

Ògbufọ̀ Ṣábẹ

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Òótọ́ lẹ sọ, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe, mo sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Lẹ́nu ni o. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń fi 然后 ra àkókò tó fi máa ro ohun tó kàn. Ẹni tó ń kọ̀wé ti ní àkókò yẹn. Olùkọ́ Ṣáínà tó bá rí i nínú ìwé ọmọ Ṣáínà náà á fa igi lé e.

Lórí 了, Táyé, mo gbà fún ọ, àlàyé tìrẹ kún ju tèmi lọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí a má kàn fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò 然后 ní ibi kan náà. Wọ́n yàtọ̀. 接着 ń sọ pé kò sí àlàfo láàárín iṣẹ́ méjì. 后来 ń sọ pé ó pẹ́ díẹ̀, ohun tó ti kọjá nìkan ló sì wà fún: èèyàn kò lè kọ 后来我要去中国 fún ohun tó máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, 以后 ló máa lò. 于是 ń sọ pé ohun tó ṣáájú ló fa èyí. Kí o tó mú ọ̀kan, bi ara rẹ pé: kí ló so ohun méjì yìí? Ṣé àkókò ni, àbí ọ̀kan ló bí èkejì? Tó bá jẹ́ pé àkókò lásán ni, kọ́mà ti tó.

Mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kọ́mà. Àbúrò, o fi àmì ìdánudúró sí ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo awẹ́ gbólóhùn. 。 ń ti ilẹ̀kùn. Tí ẹnì kan náà bá ṣì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kọ́mà ni kó wà láàárín títí ọ̀rọ̀ yẹn fi máa tán. Kí ó má tún wá di 一逗到底, kọ́mà látòkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ àléébù tí àwọn olùkọ́ Ṣáínà kórìíra.

Bàbá Onílàlọ́ (Kétu)

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń kà á, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló wà lórí gbólóhùn. Ọmọ yìí lè tún gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ṣe, kí olùkọ́ ṣì kọ 流水账 sí i.

Ní iléèwé àwọn ọmọdé ní Ṣáínà, ohun mẹ́fà ni wọ́n ń béèrè nínú ìtàn: ìgbà, ibi, àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ohun tó fà á, bó ṣe lọ, ibi tó já sí. 起因, 经过, 结果 ni wọ́n ń pe mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ọmọ wa kọ bó ṣe lọ nìkan. Kí ló gbé e lọ sọ́jà? Kò sọ. Kí ló ṣe é nígbà tí ìyá lọ? Kò sọ. Ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi jọ ìwé owó. Táyé fi 买西红柿 (láti ra tòmátì) àti 只好 (kò sí ọgbọ́n mìíràn) sí i, àwọn méjèèjì ń sọ ìdí, ìtàn wá ní eegun.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kan, 详略得当: ibi tó yẹ kó kún, kó kún; ibi tó yẹ ká sáré kọjá, ká sáré kọjá. Níbo ni ọkàn ìtàn yìí wà? Nígbà tó ki ọwọ́ bàpò ni. Ibẹ̀ ni kó dúró díẹ̀: ìyá ti kó tòmátì sínú báàgì, ó ti na ọwọ́. Lílọ sílé àti bíbọ̀, gbólóhùn kan tó o.

Ẹ̀kọ́ tí mo máa fún un ni pé kó mú àlọ́ Ìjàpá tó ti mọ̀ dáadáa, kó máa pa á ní Ṣáínà sókè kó tó kọ ọ́. Kò ní máa wá ìtàn, ìtàn ti wà lórí rẹ̀. Èdè nìkan ló kù kó wá.

Abọ́sẹ̀dé

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín nípa ohun tó fà á wọlé gan-an. Lórí àlọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi. Orin inú àlọ́ àti àwítúnwí rẹ̀ ni adùn rẹ̀. Ìjàpá á lọ lẹ́ẹ̀kan, á padà, á tún lọ, orin kan náà. Tí ọmọ bá gbé àwítúnwí yẹn sínú ìwé Ṣáínà, ohun tí olùkọ́ ń bá a wí fún náà ló tún ṣe yẹn. Ó dára fún ẹnu, ó sì ń là á lóhùn. Fún ìwé, ẹ jẹ́ kó gé orin kúrò, kó pa àlọ́ náà ní ìpínrọ̀ kan ṣoṣo.

Bàbá Onílàlọ́ (Kétu)

Ọmọ mi, mo gbọ́. Kó gé orin kúrò nínú ìwé. Kó má gé e lẹ́nu.

Táyé Àjàrá

Nǹkan kan tó ràn mí lọ́wọ́: mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé kíkà rẹ, dà á kọ, fi sáàsì gé e ní awẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, dà wọ́n rú, kí o sì tò wọ́n padà. Wàá rí i pé awẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 她 kò lè ṣáájú, torí a ò tíì mọ ẹni tó jẹ́. Èyí tó ní 却 ("ṣùgbọ́n") tàbí 所以 ("nítorí náà") kò lè ṣáájú pẹ̀lú. Ìdánwò HSK ìpele kẹrin ní apá kan bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún ọ ní A, B, C pé kí o tò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń ṣe é láti gba máàkì, wọn ò mọ̀ pé òun gan-an ló ń kọ́ wọn ní ìtàn kíkọ.

Tí o bá fẹ́ ìwé àti ẹni tó máa kà á fún ọ, Kútọnu kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Ilé àṣà Ṣáínà ti wà níbẹ̀ láti 1988, Institut Confucius sì wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi láti 2009.

Ọmọ Wandó (Àjàṣẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti da ìwé mi nù, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé, mo ti ń fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹni tí à ń tẹ̀ lé ti yí padà, ojú mi ti là.

Ìbéèrè mi tó kù: nínú ìdánwò, nǹkan bí 80 hànzì (àmì ìkọ̀wé Ṣáínà) péré ni wọ́n fẹ́, wọ́n á sì fún wa ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tí a gbọ́dọ̀ lò. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣe é, ọ̀rọ̀ kan gbólóhùn kan ni mò ń ṣe, gbólóhùn márùn-ún tí kò mọ ara wọn. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Abọ́sẹ̀dé

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ, kò pọn dandan kí o lò wọ́n bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Ka márààrún, kí o wá èyí tó jẹ́ wàhálà nínú wọn, torí òun ló máa bí ìtàn. Ká ní wọ́n fún ọ ní 市场 (ọjà), 忘记 (gbàgbé), 着急 (kí ara má balẹ̀), 终于 (níkẹyìn), 感谢 (dúpẹ́). Wàhálà ni 忘记 àti 着急. 感谢 ní láti wà ní ìparí, torí a kì í dúpẹ́ kí oore tó dé. 市场 ni ibi. 终于 lè wà níbikíbi tí nǹkan bá ti pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀.

上个周末,妈妈带我去市场买布。挑了半天,终于看中了一块,付钱时才发现忘记带钱包了。妈妈很着急,卖布的阿姨却让我们先把布拿走。第二天一早,妈妈就把钱送了过去,还再三感谢她。

Ohun tó ń sọ ni pé èmi àti ìyá mi lọ ra aṣọ lọ́jà, a gbàgbé àpò owó, oníṣòwò ní ká kó aṣọ lọ ná, ìyá mi lọ san owó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì dúpẹ́. Pẹ̀lú àmì rẹ̀, 85 ni. Ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wo ibi tí mo ti dárúkọ wọn àti ibi tí mo ti dákẹ́. 却 ló so ìbẹ̀rù ìyá mọ́ oore oníṣòwò, kò sí 但是 ("ṣùgbọ́n" tó ń bẹ̀rẹ̀ awẹ́ gbólóhùn) níbẹ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n á ti fún ọ ní àwòrán, ṣe é bẹ́ẹ̀ náà: má ṣàpèjúwe gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán, bi ara rẹ pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú.

Má sì máa fi 当 bẹ̀rẹ̀ gbogbo "nígbà tí". Faransé ló ń mú wa ṣe é. 付钱的时候 tàbí 付钱时 ti tó.

Ògbufọ̀ Ṣábẹ

Tó bá jẹ́ orí ìwé lo ti máa kọ ọ́, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà: fi àpótí méjì sílẹ̀ lófìfo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀. Kọ́mà àti 。 ní àpótí tiwọn, wọn kì í sì bẹ̀rẹ̀ ìlà; tí ìlà bá kún, fún un mọ́ àpótí tó kẹ́yìn lókè.

Tí o bá ti kọjá ìpele karùn-ún, ti ìpele kẹfà yàtọ̀. Wọ́n á fún ọ ní ìtàn tó tó 1000 hànzì, ìṣẹ́jú 10 lo ní láti kà á, o kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n á gba ìwé náà padà. Wàá wá tún un sọ ní nǹkan bí 400 hànzì láàárín ìṣẹ́jú 35, láì fi èrò tìrẹ kún un. Ohun mẹ́fà tí Bàbá sọ yẹn ni kí o gbé sórí nígbà tó o bá ń kà á. Tí àwọn inú ìtàn bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gígùn, sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nìkan. Fi ìtàn tuntun ẹ ránṣẹ́ síbí tó o bá ti kọ ọ́ tán, a ó bá ọ wò ó.